Ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ń já wálẹ̀: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí sẹ́písì

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí dá lórí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí àkóràn bá ti ba gbogbo ara jẹ́, ìyẹn àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní sẹ́písì. Ẹbí aláìsàn kọ̀wé, nọ́ọ̀sì kọ̀wé, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe náà kọ̀wé. A gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ ilé ìwòsàn kúrò nínú gbogbo wọn.

Ìbéèrè láti Múṣin:
Egbò ẹsẹ̀ ló ń yọ bàbá wa lẹ́nu, wọ́n sì ní ṣúgà. Ní báyìí, dókítà ní àkóràn náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì sọ pé ẹ̀rọ kan wà lọ́hùn-ún tó ń sẹ́ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọn ò lò ó fún bàbá wa? Ṣé torí a ò lówó ni?

Ìdáhùn:
Àbúrò yín kò parọ́, ẹ̀rọ náà wà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó bà yín nínú jẹ́, nítorí lọ́hùn-ún pàápàá, kò tíì sí ìdánwò tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé sísẹ́ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹ̀mí aláìsàn sẹ́písì là.

Sẹ́písì kì í ṣe pé kòkòrò kún inú ẹ̀jẹ̀ bí ìdin ṣe ń kún ẹran. Ní 2016 ni àwọn onímọ̀ fẹnu kò lórí ìtumọ̀ tí a ń lò báyìí: àkóràn wà níbì kan, ara dìde láti bá a jà, ìjà náà wá kọjá ààlà, ó ń ba ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti ọpọlọ onílé jẹ́. Bí ẹni tó fẹ́ lé eku tó dáná sun ilé ni. Àwọn èròjà tí ara fi ń pe ogun, tí wọ́n ń pè ní cytokine, á mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣí gbayawu, kí ó sì máa jò. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á jò bọ́ sínú ẹran ara. Ẹsẹ̀ á wú, ojú á wú, ṣùgbọ́n inú iṣan á gbẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló wà nídìí púpọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ lójú ewé yìí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rọ fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Èkíní dà bí ìgbà tí ẹ bá rẹ ẹja oníyọ̀ sínú omi: ẹ̀jẹ̀ ń kọjá ní apá kan awọ tẹ́ẹ́rẹ́, omi ìfọ̀ ń kọjá ní apá kejì, ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ á máa bọ́ sínú omi. Dayálísísì tí ẹ ń gbọ́ káàkiri Èkó nìyẹn. Èkejì ni ti asẹ́ ògì: ẹ̀rọ á ti omi inú ẹ̀jẹ̀ gba ihò wẹ́wẹ́ jáde pẹ̀lú ohun tó yọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti èédú tí ń fa òórùn: ẹ̀jẹ̀ á gba inú agolo kan kọjá, ohun tí wọ́n fẹ́ mú á lẹ̀ mọ́ èròjà inú agolo náà. Èkejì tàbí ẹ̀kẹta ni àbúrò yín ń sọ.

Ní Japan, láti 1994 ni wọ́n ti ń lo agolo tó ní polymyxin B, tí ń mú májèlé tí àwọn kòkòrò kan ń tú sílẹ̀. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 450 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nígbà tí èsì jáde ní 2018, iye àwọn tó kú láàárín ọjọ́ 28 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọn kò lò ó fún. Ní Jámánì kan náà, ní 2021, èsì ìdánwò kékeré kan jáde lórí aláìsàn kòrónà 34 tí ẹ̀rọ ECMO ń fi ọ́síjìn sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú 17 tí wọ́n fi agolo tí ń fa cytokine kún ìtọ́jú wọn, 3 péré ló wà láàyè ní ọjọ́ 30. Nínú 17 tí wọn kò lò ó fún, 13 ló wà láàyè. Ìdánwò kékeré ni, àìsàn náà kì í sì í ṣe egbò ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí èèyàn fi ń rọra ṣe.

Ìdí rẹ̀ kò le. Asẹ́ kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Cytokine tí ń dáná àti èyí tí ń paná, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ó ń mú oògùn apakòkòrò dání lọ pẹ̀lú. Bí ó sì ṣe ń yọ ọ́ ni ara ń ṣe òmíràn, nítorí orísun rẹ̀ ṣì wà nínú egbò. Ìlànà àgbáyé lórí sẹ́písì tó jáde ní 2021 dábàá pé kí wọ́n má lo polymyxin, ó sì ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí àwọn yòókù.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa bi dókítà ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n bá dárúkọ sẹ́písì nìyí. Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò? Ṣé oògùn apakòkòrò ti wọlé? Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) bá ti wálẹ̀, kò yẹ kí ó ju wákàtí kan lọ kí oògùn náà tó wọlé. Ìwọ̀n omi wo ni wọ́n fà fún wọn? Ìlànà náà dábàá 30 mL fún kílò kan láàárín wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn 1,800 mL fún ẹni tó jẹ́ kílò 60. Bí ìfúnpá kò bá gbéra lẹ́yìn ìyẹn, noradrenaline, oògùn tí ń mú kí iṣan fún pọ̀ kí ìfúnpá lè gbéra, ló kàn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún bàbá yín ni pé kí ẹ béèrè ẹni tí yóò la egbò náà, tí yóò gé ẹran tó ti kú kúrò, àti aago tí yóò ṣe é. Ọyún tó há sínú ẹsẹ̀, kò sí asẹ́ tó lè sẹ́ ẹ.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, Ìdí-Àràbà:
Bí a bá gbé aláìsàn sẹ́písì sórí ẹ̀rọ dayálísísì, kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, BP á ti já láti 105/60 sí 78/40. A ó dá a dúró, a ó fún un lómi, a ó tún bẹ̀rẹ̀, á tún já. Kí là ń ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, torí nọ́ńbà òkè nìkan máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ mú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ fi ti òkè kún un, ẹ pín in sí mẹ́ta. 105/60 á fún yín ní 75. 78/40 kò pé 53. A kò fẹ́ kí aláìsàn sẹ́písì wá sí ìsàlẹ̀ 65. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ máa kọ sínú ìwé, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́.

Ìfúnpá tó já kí ìṣẹ́jú 15 tó pé kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi omi tí ẹ ń yọ, torí omi tí ẹ tíì yọ nígbà náà kò tó nǹkan. Ẹ wo bí ẹ ṣe so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ. Rọ́bà àti asẹ́ àgbàlagbà ń gba ẹ̀jẹ̀ bíi 150 sí 250 mL. Bí ẹ bá so rọ́bà pupa (èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde) nìkan, tí ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ti omi iyọ̀ inú rẹ̀ dà nù, ẹ ti fa odidi ife ẹ̀jẹ̀ kan lára ẹni tí inú iṣan rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ẹ so rọ́bà pupa àti ti búlúù (èyí tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà) lẹ́ẹ̀kan náà, kí omi iyọ̀ máa wọlé sí i lára bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde. Bí ẹ bá fi heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fọ asẹ́, ẹ fi omi iyọ̀ lásán ṣàn án jáde kí ẹ tó so ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo heparin náà ló máa bá omi wọ aláìsàn lára. Pọ́ǹpù ẹ̀jẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní 50 mL ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e sí 100, kí ó tó dé 150 tàbí 200 ní ìṣẹ́jú kẹwàá. UF, ìyẹn omi tí ẹ̀rọ ń yọ lára aláìsàn, kí ó wà ní òdo fún ìdajì wákàtí.

Noradrenaline kí ó ti máa wọlé kí ẹ tó tan pọ́ǹpù, kì í ṣe ìgbà tí ojú aláìsàn bá ti yí ni ẹnì kan ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré lọ sí ilé oògùn. Kí ẹnu rọ́bà rẹ̀ má sì sún mọ́ ẹnu kátẹ́tà tí ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ, torí ẹ̀rọ lè fa oògùn náà mu kó tó dé ọkàn. A ti rí i tí wọ́n ń gbé ìwọ̀n oògùn sókè títí láìmọ̀ pé inú asẹ́ ló ń lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹbí: ṣé aláìsàn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril, ramipril tàbí enalapril? Bí asẹ́ yín bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní AN69, òun àti àwọn oògùn wọ̀nyí kì í bára wọn gbé. Èròjà kan tí ń jẹ́ bradykinin á pọ̀ lójijì, iṣan á ṣí, ìfúnpá á já láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ lo irú asẹ́ mìíràn.

Ẹ wá wo omi ìfọ̀. Bicarbonate ni kí ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe acetate, torí acetate fúnra rẹ̀ ń ṣí iṣan. Sodium kí ó tó 145 mmol/L. Calcium 1.5 dára fún ọkàn ju 1.25 lọ. Ooru rẹ̀ kí ó wà ní 35 sí 36, kí ẹ má fi í sílẹ̀ ní 37 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Omi tútù díẹ̀ ń mú kí iṣan fún pọ̀, ìfúnpá á sì dúró. Nínú gbogbo àtúnṣe tí a dárúkọ, òun ni kò náni ní kọ́bọ̀, òun náà ni wọ́n ń gbàgbé jù.

Bí ìfúnpá bá wá já lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, a jẹ́ pé UF ni kí ẹ fura sí. Omi tó wú ẹsẹ̀ aláìsàn kò sí nínú iṣan. Inú ẹran ara ló wà, ó sì ní bí ó ṣe ń yára padà wọ iṣan. Inú iṣan nìkan ni ẹ̀rọ ti ń fà. Bí ẹ bá ń fà á ju bí ó ṣe ń padà wọlé lọ, iṣan á gbẹ, ẹsẹ̀ á sì wú síbẹ̀. Ká ní aláìsàn jẹ́ kílò 60, dókítà ní kí ẹ yọ lítà 3. Láàárín wákàtí mẹ́rin, 750 mL ni ní wákàtí kan, ìyẹn 12.5 mL fún kílò kan. Ó ti pọ̀ jù fún sẹ́písì. Tí ẹ bá nà án sí wákàtí mẹ́jọ, ó di 375 mL, díẹ̀ lé ní 6 mL fún kílò. Ẹ̀rọ kan náà ni, asẹ́ kan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ 150 sí 200 mL ní ìṣẹ́jú kan, omi ìfọ̀ 200 sí 300 dípò 500, wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ọ̀nà yìí ni a gbà níyànjú jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba kí nọ́ọ̀sì kan jókòó ti aláìsàn kan títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Dídín omi ìfọ̀ kù tún ní àǹfààní mìíràn: tí urea, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń yọ, bá jáde kíákíá, omi á fi iṣan sílẹ̀ lọ sínú sẹ́ẹ̀lì, ìfúnpá á tún já.

Nígbà tí ó bá já: ẹ pa UF, ẹ gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè, ẹ gbé noradrenaline sókè, ẹ fún un ní omi iyọ̀ 100 sí 250 mL. Ẹ wọn ṣúgà rẹ̀. Ẹ ṣí aṣọ kúrò lára, kí ẹ wo ojú kátẹ́tà bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jò sí abẹ́ rẹ̀. Dídín pọ́ǹpù ẹ̀jẹ̀ kù ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń lọ bá, àṣà àtijọ́ ni. Lórí àwọn ẹ̀rọ òde òní tí ń ṣírò UF fúnra wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan fún ìfúnpá. Bí 65 kò bá padà wá, ẹ dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà kí ẹ sì dúró. Ẹ má tú u kí ẹ tún so ó, kí ẹ tún tú u. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ṣẹ́ kù sínú asẹ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un so ni ìṣòro ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ń tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ìfúnpá tó ń já lójoojúmọ́ lè jẹ́ ọkàn tí sẹ́písì ti sọ di aláìlágbára, tàbí ọyún tí a kò tíì rí. Ẹ sọ fún dókítà pé kí ó fi ẹ̀rọ àwòrán wo ọkàn.

Ìbéèrè láti Ọbáléndé:
Kí wọ́n tó gbé ẹ̀gbọ́n mi sórí ẹ̀rọ, noradrenaline tó ń wọlé sí wọn lára pọ̀ gan-an. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, wọ́n ti dín in sí ìdajì. Ṣebí ẹ̀rí nìyẹn pé ẹ̀rọ náà ń yọ májèlé?

Ìdáhùn:
Inú wa dùn pé ara ẹ̀gbọ́n yín ń gbé e. Ṣùgbọ́n ìfúnpá lè gbéra láìjẹ́ pé májèlé kan jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rìn nínú rọ́bà lóde ara ń tutù, yàrá àìsàn náà sì ní éà kọndíṣọ́nnà. Ara á tutù díẹ̀, iṣan á fún pọ̀. Bicarbonate inú omi ìfọ̀ ń dín ìkan (ásíìdì) inú ẹ̀jẹ̀ kù, ọkàn á lè fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa, iṣan náà á sì túbọ̀ máa dá noradrenaline lóhùn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé oògùn apakòkòrò ti lo wákàtí mẹ́fà sí i nínú ara.

Àwọn onímọ̀ náà rí ohun tí ẹ rí yìí nígbà kan, wọ́n sì rò pé bí a bá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dán an wò ní ilẹ̀ Yúróòpù, èsì sì jáde ní 2013: omi tí wọ́n ń sẹ́ jẹ́ 70 mL fún kílò kan ní wákàtí kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, 35 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, aláìsàn 140 tí sẹ́písì ti ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ẹni kílò 60 tó wà ní ẹ̀gbẹ́ 70 á lo omi lítà 100 lóòjọ́. Iye tó kú láàárín ọjọ́ 28 kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdánwò ńlá méjì, ti 2008 àti ti 2009, ti sọ irú ohun kan náà ṣáájú fún aláìsàn tí kíndìnrín rẹ̀ dákẹ́ lójijì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo 20 sí 25 mL lónìí. Fún kílò 60, 25 mL jẹ́ lítà 36 lóòjọ́, báágì lítà 5 méje àti díẹ̀. Àwọn tó ń ra báágì wọ̀nyí lówó ara wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ìlọ́po méjì báágì kì í ṣe ìlọ́po méjì àlàáfíà.

Ìbéèrè láti Ìsàlẹ̀ Èkó:
Màmá wa kò tọ̀ púpọ̀ láti àná. Wọ́n ní ká wá owó dayálísísì sílẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà kejì ní ká ṣì dúró ná. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn:
Àwọn méjèèjì lè tọ̀nà. Ẹ wá owó sílẹ̀, ẹ má sì bínú sí ẹni tó ní kí ẹ dúró. Ní 2018, àwọn ará Faransé gbé ìdánwò lórí aláìsàn 488 jáde, gbogbo wọn ni sẹ́písì ti mú ìfúnpá wọn wálẹ̀ tí kíndìnrín wọn sì ti dákẹ́. Wọ́n tètè fọ ẹ̀jẹ̀ apá kan, láàárín wákàtí 12. Wọ́n dúró ti apá kejì fún wákàtí 48, àyàfi bí ó bá di pàjáwìrì. Iye tó kú kò yàtọ̀. Èyí tó jọ wá lójú ni pé 38 nínú 100 àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró kò dé orí ẹ̀rọ rárá.

Àmọ́ dídúró kì í ṣe sísùn. Ẹni kílò 60 yẹ kí ó máa tọ̀ tó 30 mL ní wákàtí kan, ó kéré tán. Kí wọ́n fi báágì wọn ìtọ̀ náà, kí ẹ máa bi wọ́n ní iye tó jẹ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ dúró mọ́ bí potassium, èròjà iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, bá ti kọjá 6.5 mmol/L tí oògùn kò sì gbé e wálẹ̀, bí ìkan inú ẹ̀jẹ̀ bá ti le gan-an, bí omi bá ti kún ẹ̀dọ̀fóró tí èémí ń há tí furosemide, oògùn tí ń mú èèyàn tọ̀, kò sì ṣiṣẹ́, tàbí bí urea bá ti ń ṣe ọpọlọ bákan. Nígbà náà, ẹ béèrè ohun kan péré kí ẹ tó sanwó: ṣé ẹ̀rọ wà nílé ìwòsàn yìí, àbí ẹ máa gbé màmá yín kọjá afárá Third Mainland? Gbígbé ẹni tí noradrenaline ń gbé dúró nínú gò-sílóò léwu ju kí ó dúró wákàtí mélòó kan lọ.

Ìbéèrè láti Àjẹgúnlẹ̀:
Ṣé a lè máa fún ẹni wa tó wà nílé ìwòsàn ní àgbo kíndìnrín àti omi àgbọn?

Ìdáhùn:
Rárá. Potassium pọ̀ nínú omi àgbọn, ó sì lè dá ọkàn dúró nígbà tí kíndìnrín kò lè yọ ọ́. Àgbo náà, kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, Yábàá:
Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan ni iná lọ lọ́wọ́ wa, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan náà ti dì nínú asẹ́. Omi bọ́ọ̀hóòlù ni a ń lò, a sì ní ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi. Kí la tún lè ṣe?

Ìdáhùn:
Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú asẹ́ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bí 150 sí 250 mL tí kò ní padà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi báágì ẹ̀jẹ̀ kan tí ẹbí rẹ̀ á tún máa wá kiri. Bátìrì inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gbé pọ́ǹpù ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 15 sí 20, bí bátìrì náà bá ṣì dára. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹ tan ẹ̀rọ láìsí aláìsàn, ẹ yọ wáyà iná, ẹ wo aago. Ínfátà tó ń gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ṣe pàtàkì ju jẹnẹrétọ̀ ńlá lọ, torí àárín tí jẹnẹrétọ̀ fi ń gbéra ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dì.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kú, ẹ fi ọwọ́ yí pọ́ǹpù. Irin tí wọ́n fi ń yí i wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ ibẹ̀ ní òkùnkùn. Ẹ yí i síbi tí ọfà kọjú sí, díẹ̀díẹ̀, láìdúró. Ẹ rántí pé ohun tí ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ nínú rọ́bà lè má ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà kí ẹnì kejì fi tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà búlúù, kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kílípù. Bí iná kò bá dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi omi iyọ̀ 200 sí 300 mL dá ẹ̀jẹ̀ padà fún un kí ẹ tó tú u. Fún aláìsàn sẹ́písì tí kò lè gba heparin torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì dáadáa, omi iyọ̀ 100 mL ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan lè fọ asẹ́. 800 mL ni yẹn ní wákàtí mẹ́rin, kí nọ́ọ̀sì kà á mọ́ omi tí ẹ ó yọ.

Ti omi: wákàtí mẹ́rin lórí dayálísísì ń lo lítà 120 omi ìfọ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló wà láàárín òun àti ẹ̀jẹ̀. Omi bọ́ọ̀hóòlù fúnra rẹ̀ kì í sábà ní chlorine, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fọ táńkì òkè lè da chlorine sí i láì sọ fún yín. Ẹ máa wọn ọ́n lẹ́yìn táńkì èédú kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó gorí ẹ̀rọ. Kò gbọ́dọ̀ ju 0.1 mg nínú lítà kan. Bí ó bá kọjá, ẹ̀jẹ̀ á máa fọ́, omi tó máa ń wà lókè bí ẹ̀jẹ̀ bá silẹ̀ nínú ìgò á pọ́n bíi sóbò, ìfúnpá á já, potassium á gùn. Kòkòrò inú omi kò gbọ́dọ̀ tó 100 CFU nínú mL kan, endotoxin, ìyẹn májèlé tí kòkòrò ń tú sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tó 0.25 EU nínú mL kan. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ń jó tẹ́lẹ̀ ni ẹ ń fọ. Endotoxin inú omi dà bí epo tí ẹ bù sí iná. Bí aláìsàn mẹ́ta bá ń gbọ̀n lọ́jọ́ kan náà, ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n gorí ẹ̀rọ, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ ti iyàrá náà, ẹ yẹ omi wò.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ dókítà ọ̀dọ́ kan, Ìkẹjà:
Ṣé kí n dín oògùn apakòkòrò kù torí kíndìnrín kò ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn:
Kì í ṣe oògùn àkọ́kọ́. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kún, torí omi tó wú ara aláìsàn ti fẹ àyè tí oògùn ó tàn sí, kíndìnrín kò sì ní ohunkóhun bá ìyẹn ṣe. Vancomycin 25 sí 30 mg fún kílò kan, ìyẹn 1,500 sí 1,800 mg fún kílò 60. Ọjọ́ kejì àti ẹ̀kẹta ni ẹ tó lè máa rò ó láti dín in kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ ń mú lọ. Meropenem, piperacillin-tazobactam àti gentamicin ń bá omi ìfọ̀ jáde dáadáa. Vancomycin náà ń gba inú àwọn asẹ́ tuntun tí ihò wọn fẹ̀ kọjá. Ceftriaxone kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, torí ó lẹ̀ mọ́ èròjà protein inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí dayálísísì bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin, ẹ fún un lóògùn ní kété tí ó bá sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, oògùn tí ẹ fún un ní òwúrọ̀ lè ti tán lára rẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹ lè ní láti fún un láàárín. Àṣìṣe tí a ń rí jù ni pé wọ́n fún aláìsàn ní meropenem ní aago mẹ́jọ, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ní aago mẹ́sàn-án. Inú omi ìdọ̀tí ni púpọ̀ nínú oògùn tí ẹbí fi owó ńlá rà bá lọ.

Ìbéèrè láti Àpápá:
Nígbà tí ìyàwó mi wà lórí ẹ̀rọ, ara rẹ̀ tutù, ibà náà lọ. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ibà padà. Ṣé kí wọ́n kúkú fi í sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ?

Ìdáhùn:
Ibà náà kò lọ. Ẹ̀rọ ló mú ara wọn tutù. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde gbígbóná ń padà wọlé ní títutù díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ooru ara ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ dájọ́ pé àkóràn ti kúrò. Kí nọ́ọ̀sì wọn ooru ara wọn kí wọ́n tó gorí ẹ̀rọ, kí ó tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ni kí ó kọ sílẹ̀ fún dókítà. Láàárín ìyẹn, bí ọkàn ṣe ń sáré tó, bí lactate (èròjà tí ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá wà nínú ìnira) ṣe ń wálẹ̀ tàbí tí ó ń gòkè, àti bí ìwọ̀n noradrenaline ṣe ń yí ni kí wọ́n máa wò. Bí ìyàwó yín bá ń gbọ̀n nítorí òtútù lórí ẹ̀rọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó gbé ooru omi ìfọ̀ sókè díẹ̀, torí gbígbọ̀n ń jẹ ọ́síjìn tí ara wọn kò ní láti fi ṣòfò. Ẹ lè da aṣọ bò wọ́n, ṣùgbọ́n kí ojú kátẹ́tà àti gbogbo ibi tí rọ́bà ti so pọ̀ wà ní gbangba níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.